Lẹ́tà Tí N Kò Ṣí Nínú Kọ̀ǹpútà Akọ̀wé

Ọjọ́ Àlàmísì kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ darúgbó débi pé n kò mọ orúkọ ara mi mọ́. Ọjọ́ náà ni mo fi ọwọ́ ara mi pa òkú lẹ́nu mọ́. Ẹ má sá, n kò ṣe èèyàn kankan ní jàǹbá. Kọ̀ǹpútà ni mo lọ tún ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí n ó fi dìde nídìí rẹ̀, kò sí ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ ju iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti gbé mi níyàwó wá sí Ṣakí. Ìsẹ́yìn náà ni mo ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo sì gbé ìwé-ẹ̀rí mi mọ́ ẹrù ìyàwó wọlé ọkọ. Láti ọjọ́ náà, bí rédíò bá dákẹ́ lágboolé wa, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Bí fóònù bá bọ́ sómi, èmi ni. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìlọta wá fún mi rí, mo sì tú u, nítorí pé n kò lè fi ẹnu ara mi sọ pé n kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ náà ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, adìẹ ló ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n láti ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àgbà ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo, òun ló mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jù mí lọ fíìfíì. Wọ́n ti bí i kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà n kì í pe orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ni mo sọ ọ́, Bàbá Akọ̀wé ni mo sì ń pe bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú láti kékeré. "Ìyàwó wa" lòun ń pè mí, ó sì máa ń fi iṣẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Ìyàwó wa, ẹ máa ń kánjú jù. Ẹ̀rọ ò ní sá lọ."

Nígbà tí ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí dókítà sì sọ pé oògùn ojú kò lè ṣe ju kó má jẹ́ kí ìyókù tètè lọ, Akọ̀wé kọ ètò kan sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Ó jókòó sí yàrá rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ó ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: orúkọ ọjọ́, orúkọ oṣù, oǹkà, orúkọ àwọn oko wa. Láràárọ̀, bí Bàbá bá ti kírun Àsùbáà dé, kọ̀ǹpútà á lahùn. Á ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Òní ni Jímọ̀. Ẹ kán oògùn ojú yín kí ẹ tó jẹun. Oko ọ̀nà Ìgànná ló kàn lónìí." Bàbá á sì dáhùn pé, "O ṣeun, ọmọ mi."

Lẹ́yìn náà ni Akọ̀wé kú. Àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí rẹ̀, nítorí ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ó ti kú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a sin ín, ó tún kí bàbá rẹ̀, ó sì rán an létí oògùn ojú. Àwọn kan lágboolé ní ká pa nǹkan náà, pé kò dáa kí òkú máa kí alààyè. Bàbá ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, òun àti onítọ̀hún ni. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ó wá ku ọjọ́ mẹ́rin ká ṣe fídáù ọdún kan. Àlejò kan tó tètè dé, tí kò mọ̀ pé Bàbá ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, so kọ̀ǹpútà náà mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀, kó lè fi wá nǹkan. Kọ̀ǹpútà rí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó fa àtúnṣe tuntun wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Àlàmísì, Bàbá ti ìrun dé, ó jókòó, ó ń retí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ránṣẹ́ pè mí.

"Ìyàwó."

"Mo wà níbí, sà."

"Ọmọ mi ò kí mi lónìí."

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ní, "Mo ti ránṣẹ́ sí àwọn ará Kíṣì. Mo ti sọ fún àwọn ti Ìgànná. Mo ní bí wọ́n bá dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n á gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣé o lè tún un ṣe?"

Ó yẹ kí n ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó ná." Ohun tí ẹnu mi sọ ni pé, "Kékeré ni, Bàbá. Kí ẹ tó kírun Àílà, á ti máa sọ̀rọ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi, ó sì ṣe é títí tí eékún fi ń ro mí. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń ṣe àmín sí, láì tíì ṣí kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa. Ohun tí èèyàn bá kọ kalẹ̀ bí ètò, ẹ̀rọ kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ kan tí à ń pè ní kọ̀ǹpáílà ló ń sọ ọ́ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Ètò náà kì í sì í dá ṣe gbogbo nǹkan. Àwọn fáìlì kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní láíbìrì, tí gbogbo ètò jọ ń lò, bí gbogbo obìnrin agboolé ṣe jọ ń lo odó kan ṣoṣo. Bí o bá gbé odó náà kúrò, tàbí o pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí kò bá ọmọ odó mu, gbogbo ilé ni kò ní jẹ iyán. Mo mọ èyí dáadáa. Mo ti fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn rí, mo sì gbowó lọ́wọ́ wọn.

Mo ṣí fódà Akọ̀wé. Mo rí ètò tó kọ. Mo rí àwọn ohùn tó gbà sílẹ̀. Mo rí fódà kékeré kan tó pè ní Yàrá, tí àwọn láíbìrì àtijọ́ kún inú rẹ̀. Mo sì rí fáìlì kan tó kọ sí lórí pé: Fún Bàbá Mi.

Ọwọ́ mi dé orí rẹ̀, mo tún yọ ọ́. Ìyàwó ilé ni mí. Lẹ́tà tí ọmọ kọ sí bàbá rẹ̀, tí ọmọ náà sì ti kú, ta ni mí tí n ó fi tú u? N kò fẹ́ ka ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí. N kò sì fẹ́ sọ fún Bàbá pé lẹ́tà wà, nítorí pé ojú rẹ̀ kò lè kà á mọ́, mo rò pé ńṣe ni n ó dá egbò kún egbò. Mo bò ó mọ́lẹ̀, mo sì ń yin ara mi nínú pé ilé rere ni wọ́n ti kọ́ mi.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ní ẹ̀dà láíbìrì tí ètò náà ń wá kò sí níbi tó ń wò. Mo ní kò burú, n ó fi kọ̀ǹpáílà tuntun ṣe ètò náà látìbẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpáílà tuntun wo ohun tí Akọ̀wé kọ, ó sì kọ̀ ọ́ láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn. Ó ní àtijọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kò burú, n ó lọ wá kọ̀ǹpáílà àtijọ́.

Íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù tèmi kì í wọ inú ilé wa. Orí àpáta ẹ̀yìn ilé ló ti máa ń dáa, níbi tí a ń sá gbọ́dọ̀ sí. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ síbẹ̀, mo jókòó sáàárín iṣu tí a ti bọ̀ tí a sì sá fún èlùbọ́ fídáù, ọyẹ́ ń fẹ́ eruku sí mi lójú, mo ń wo kọ̀ǹpáílà bó ṣe ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ gbọ́dọ̀ náà. Mo ṣọ́ kọ̀ǹpáílà. Nígbà tí mo fi gbójú sókè, ewúrẹ́ mi àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan tán, wọ́n ń wò mí pé kí ni mo fẹ́. Mo lé wọn, kọ̀ǹpútà yọ̀ lẹ́sẹ̀ mi, mo fi eékún gbá àpáta kí n tó gbá a mú. Mo dúpẹ́ pé kò fọ́. Tó bá ti fọ́ níjọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí ó sàn jù.

Báyìí ni kọ̀ǹpáílà méjì ṣe wà nínú ẹ̀rọ kan, àtijọ́ àti tuntun, oníkálukú pẹ̀lú láíbìrì tirẹ̀. Mo fi ti àtijọ́ ṣe ètò náà. Ó gbà. Inú mi dùn, mo padà sínú ilé, mo ní kó máa sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ ká," ó sì kú. Ti àtijọ́ ló ṣe é, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ ṣiṣẹ́, láíbìrì tuntun ló kọ́kọ́ bá pàdé, wọn ò gbọ́ ara wọn yé.

Ìyẹn kì bá tí dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá ti gbọ́ "Ẹ ká" náà láti yàrá rẹ̀. Ó sáré jáde láì mú ọ̀pá, ó fẹsẹ̀ kọ́ ìlẹ̀kùn, ó ń fọwọ́ wá ògiri. "Ó ti jí," ló ń wí. "Mo gbọ́ ọ. Ó ti jí."

Mo ní, "Bàbá, ó kù díẹ̀ ni, sà."

Ó ní kò burú, òun á dúró. Ó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó kọ etí sí kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà náà ni n kò ti ronú dáadáa mọ́. Mo so orúkọ láíbìrì kan mọ́ òmíràn lára, mo tú u, mo tún un so. "Ẹ ká" náà kò tilẹ̀ jáde mọ́. Mo wá rántí Yàrá. Mo ní àbí èyí ló ń dá ìjà yìí sílẹ̀, nígbà tí láíbìrì àtijọ́ kan náà wà lọ́hùn-ún, tó tún wà níbí? Mo pa fódà Yàrá rẹ́. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo ní ó dá mi lójú.

Bàbá sún àga rẹ̀ mọ́ mi. Nígbà tó yá, ó ní, "Kí ló ń dí i lọ́wọ́ gan-an?"

"Bàbá, nǹkan méjì ló ń du àyè kan, sà. Àtijọ́ àti tuntun."

"Èwo ló kọ́kọ́ débẹ̀?"

"Ti àtijọ́ ni, sà."

"Àgbà ni kó wà lórí nígbà náà. Fi àgbà sípò àgbà."

Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n àgbà ilé ọkọ mi ló sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kò ríran, ọmọ rẹ̀ ló kú, èmi ni mo sì ṣèlérí Àílà fún un tí Àílà ti kọjá. Báwo ni n ó ṣe ní, "Rárá, Bàbá"? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo gbé láíbìrì àtijọ́ lé tuntun lórí ní ibi àjùmọ̀lò, níbi tí gbogbo ètò kọ̀ǹpútà ti ń mu omi.

Kò pẹ́ rárá. Gbogbo ètò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó fi ohun tó wà nínú fódà hàn mí, kò lè ṣe é. Mo ní kó dá láíbìrì tuntun padà, irinṣẹ́ tí n ó fi dá a padà náà ń wá láíbìrì. Mo ti gbé odó lọ, ẹni tí n ó sì rán kó lọ gbé e wá kò lè dìde láì jẹ iyán. Mo wá ṣe ohun tí gbogbo ẹni tí ọ̀ràn bá dojú rú fún máa ń ṣe: mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn. Kò tàn mọ́.

"Ṣé ó ti ń bọ̀?" Bàbá bi mí.

Mo ní ó ń sinmi. Òun ni irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa fún un láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo fi filáṣì jí i díẹ̀, mo kó ìyókù fódà Akọ̀wé jáde, mo sì fọ gbogbo inú ẹ̀rọ náà mọ́, mo tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ó tàn. Ó mọ́ tónítóní. Akọ̀wé kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Mo dá fódà rẹ̀ padà sínú rẹ̀, mo sì tún rí lẹ́tà náà: Fún Bàbá Mi. Ọgbọ́n mi ti tán pátápátá. Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún Bàbá pé lẹ́tà kan wà.

Ó yí etí sí mi. Ó ní, "Kà á sí mi létí."

Mo kà á. Akọ̀wé kọ ọ́ pé: "Bàbá mi, bí kọ̀ǹpútà yìí bá dákẹ́ lọ́jọ́ kan tí mi ò sí nílé, ẹ má bẹ̀rù. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fi àtúnṣe tuntun sí i ni. Ẹ pe Ìyàwó wa. Ẹ ní kó má fi kọ̀ǹpáílà kankan sí i. Àwọn láíbìrì tí ètò yìí ń lò wà nínú fódà tí mo pè ní Yàrá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tún wọn ṣe, kò sí irú wọn níbòmíràn, kó má fọwọ́ kàn wọ́n. Ìlà kan péré ni kó tẹ̀, kí ètò lè mọ ọ̀nà Yàrá. Mo ti kọ ìlà náà sí ìsàlẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún un kó ka lẹ́tà yìí tán kó tó ṣe ohunkóhun, nítorí ó máa ń kánjú. Ẹ bá mi kí i."

Ìlà náà wà nísàlẹ̀ lóòótọ́. Kò gùn ju ìka mi lọ. Mo ń wò ó, omi ń bọ́ lójú mi sórí bọ́tìnnì, mo sì ṣàlàyé ohun tí mo ṣe fún Bàbá, látorí Yàrá dé orí fífọ̀ tí mo fọ ẹ̀rọ.

Ó mi orí. Ó ní, "Ó ní kí n bá òun kí ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó kí ọ o."

Bó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, n bá ti gbàgbé. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwọn ará Kíṣì dé, àwọn ti Ìgànná dé. Àwọn àlùfáà ṣe àdúà. Èlùbọ́ kò tó, gbogbo ilé ló sì mọ ìdí rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan láti Kíṣì béèrè pé ohùn ọmọ náà tí wọ́n ní a ó gbọ́ ńkọ́. Mo wà nídìí ìkòkò, mo tẹrí ba. Bàbá Akọ̀wé dá a lóhùn pé kọ̀ǹpútà ń sinmi. Irọ́ mi gan-an ló gbà lẹ́nu mi, ó fi bò mí láṣìírí.

Nígbà tí àlejò túká tán nírọ̀lẹ́, ó pè mí. Ó ní, "Àwọn ọ̀rọ̀ tó gbà sílẹ̀ ńkọ́? Ṣé o fọ ìyẹn náà dànù?"

Mo ní wọ́n wà. Mo gbé kọ̀ǹpútà wá, mo ń fi wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra wọn nínú fódà. "Àlàmísì." "Bàbá." "Èjì." "Ìgànná." "Káàárọ̀." Gbogbo ọ̀rọ̀ pé, kò sí èyí tó bá èkejì sọ̀rọ̀. Bàbá dorí kodò. Ó ní, "Ohùn rẹ̀ ni. Àmọ́ èmi kọ́ ló ń bá wí."

Mo fẹ́ pa á. Ó ní kí n parí rẹ̀. Fáìlì tó gbẹ̀yìn gùn ju àwọn yòókù lọ, ètò náà kò sì lò ó rí, nítorí àṣìṣe ni Akọ̀wé ṣe nígbà tó ń gbà á sílẹ̀. A gbọ́ ọ tó ní, "Oògùn ojú," ó dákẹ́, ó tún ní, "Oògùn," ewúrẹ́ sì ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé ní, "Ta ló ṣílẹ̀kùn fún eléyìí? Ìyàwó wa, ewúrẹ́ yín ti wọlé o. Ẹ wá mú un." Ohùn mi dáhùn láti ọ̀nà jíjìn pé, "Mò ń bọ̀, Akọ̀wé, ẹ bá mi lé e." Nǹkan kan ṣubú, ó fọ́. Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí tí fáìlì náà fi tán.

Bàbá gbórí sókè. Ó ní, "Ewúrẹ́ tó jẹ gbọ́dọ̀?"

Mo ní, "Òun náà ni, sà."

Ẹ̀rín pa á. Ó rẹ́rìn-ín, omi ń ṣàn láti ojú méjèèjì tí kò ríran mọ́. Ó ní kí n tún un fi sí i.

Láti ìgbà náà, mo ti gbìyànjú láti tún ètò náà kọ. Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí Akọ̀wé ti máa ń mí láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì wà nínú Yàrá tí mo pa rẹ́, n kò rí i dá padà. Bàbá gbọ́ tèmi lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n gbé e kúrò. Ti ewúrẹ́ ló yàn. Òun ló ń sọ̀rọ̀ láràárọ̀ lẹ́yìn Àsùbáà báyìí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ṣòro. Ẹni tó bá ti ṣáájú rẹ dé ìdí iṣẹ́, ka ohun tó kọ sílẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀. Bí ìtìjú kò bá sì jẹ́ kí o ṣí i, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ̀kọ́ ilé tó ń dí ẹnu lọ́wọ́ ìbéèrè kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé. Mo ti wá ń sọ pé n kò mọ̀ ọ́n. Ó ń dun ẹnu, ṣùgbọ́n ó ń dín omijé kù.

Àmọ́ láràárọ̀, bí mo bá ń gbálẹ̀ lágbàlá, mo máa ń gbọ́ Akọ̀wé láti yàrá bàbá rẹ̀: "Ìyàwó wa, ewúrẹ́ yín ti wọlé o. Ẹ wá mú un." Nígbà mìíràn, kí n tó rántí, mo ti ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo ti ń sáré lọ. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí. Bàbá á gbọ́ ẹsẹ̀ mi, á ní, "Ìyàwó, o tún ti kánjú." Àwa méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí oníkálukú tó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.